Ọ̀lẹ̀lẹ̀ tí Mo Rì Mọ́lẹ̀

Láfún ló dá ìjà sílẹ̀ láàrin èmi àti ìyálé mi, ìyàwó ẹ̀gbọ́n ọkọ mi, nínú agbo ilé wa ní Ìlọrá. Òjò ṣú, mo kó tèmi wọlé, mo fi tiwọn sílẹ̀ síta. Ká má parọ́, mo mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é ni. Nígbà tí wọ́n dé láti oko tí wọ́n rí i pé gbogbo rẹ̀ ti di ẹrẹ̀, wọ́n kọjú sí mi: "Bí mo ṣe ń sunkún yìí, ìwọ náà á sunkún."

Ní ọjọ́ kẹfà, oyún oṣù mẹ́rin tó wà nínú mi bàjẹ́.

Àwọn àgbà pè wá jọ. Ìyálé mi ní ìbínú ló sọ ọ́, àwọn ò ní in lọ́kàn. Wọ́n sunkún, wọ́n bẹ̀ mí. Mo ní mo ti dárí jì wọ́n. Ẹnu mi ló sọ bẹ́ẹ̀ o. Bí mo bá gbọ́ ìró bàtà wọn, ṣe ni àyà mi ń já.

Oṣù ààwẹ̀ dé. Oyún mìíràn ti wà nínú mi nígbà náà, ọkọ mi nìkan ló mọ̀. Mo ń gbààwẹ̀ kí ẹnikẹ́ni má baà fura. Ní ìrọ̀lẹ́ àkọ́kọ́, ìyálé mi gbé ọ̀lẹ̀lẹ̀ méjì wá fún mi pé kí n fi ṣínu. Mo kúnlẹ̀, mo dúpẹ́. Bí wọ́n ṣe kẹ̀yìn, mo gba ẹ̀yìnkùlé lọ, mo gbẹ́ ilẹ̀ nídìí ìbẹ́pẹ, mo rì í mọ́lẹ̀ tewé-tewé. Ta ló mọ ohun tó wà nínú ẹ̀? Ọjọ́ mẹ́sàn-án ni mo fi ṣe bẹ́ẹ̀.

Adìẹ ló tú àṣírí mi. Ní ọjọ́ kẹwàá, mo bá ìyálé mi lẹ́yìnkùlé, wọ́n dúró, wọ́n ń wo àwọn ọ̀lẹ̀lẹ̀ tí adìẹ ti tan jáde. Òmíràn ò tilẹ̀ tíì tú. Wọ́n kàn yíjú, wọ́n wọlé lọ. Ìyẹn gan-an ló bà mí lẹ́rù jù, ì bá sàn kí wọ́n bú mi.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, wọ́n tún gbé ọ̀lẹ̀lẹ̀ wá, wọ́n sì jókòó tì mí. Nígbà tí àkókò ìṣínu tó, wọ́n tú ewé, wọ́n bù díẹ̀ sẹ́nu, wọ́n gbé e mì níṣojú mi. Wọ́n wá na ìyókù sí mi.

"Jẹ ẹ́. Má fi ebi pa ọmọ inú ẹ."

Mi ò mọ ẹni tó sọ fún wọn. Bí mo ṣe gbà á, ẹyin inú rẹ̀ já bọ́ sílẹ̀. Mo fi ìbẹ̀rù jẹ ìyókù.

Ọmọ náà ti ń lọ sílé ìwé báyìí. Títí dòní, bí ìyálé mi bá fẹ́ fún mi lóúnjẹ, wọ́n á kọ́kọ́ bù díẹ̀ sẹ́nu kí wọ́n tó gbé e fún mi. Mi ò tíì lè sọ fún wọn pé kí wọ́n má ṣe é mọ́.