Ijó Tí Alọṣọ Kò Fọkàn Tán

Má-jẹ̀ẹ́-ó-hunjọ ni wọ́n ń pè é nílé ìfọṣọ, nítorí pé bó bá lọ aṣọ ibùsùn tán, eṣinṣin gan-an á ro ó kó tó bà lé e. Ọjọ́ tí àgbá omi gbígbóná bú gbàmù níbẹ̀ ló pàdánù ọ̀rẹ́ rẹ̀ tí wọ́n jọ máa ń ká aṣọ. Láti ìgbà náà, bí nǹkan bá ti ṣe ṣìì, ìbáà ṣe ìkòkò ọbẹ̀ lásán, ọrùn rẹ̀ á wọnú èjìká bí orí ahun. Àwọn aládùúgbò ní orí rẹ̀ ti dàrú. Wọn ò sọ ọ́ re. Orí rẹ̀ pé. Ara ni kò gbọ́ tirẹ̀ mọ́.

Ọ̀gá ilé ìfọṣọ ní bí oṣù bá fi parí tí kò padà sẹ́nu iṣẹ́, òun á fi ẹlòmíràn rọ́pò rẹ̀. Ni àbúrò rẹ̀ obìnrin bá mú un lọ sí gbọ̀ngàn kan lẹ́yìn ilé ìwòsàn, sọ́dọ̀ ọ̀dọ́bìnrin kan tó ń fi ijó tọ́jú àwọn tí jàǹbá ti ṣe.

Kò sí orin níbẹ̀. Ọ̀dọ́bìnrin náà kò béèrè ohun tó ṣẹlẹ̀. Oníṣègùn wo ni kì í béèrè ibi tó ń dunni? Bí Má-jẹ̀ẹ́-ó-hunjọ bá gbọ́wọ́ sáyà, ọ̀dọ́bìnrin náà á gbé tirẹ̀ bẹ́ẹ̀; bó bá wúkọ́, èjìká onítọ̀hún á mì. Ó bi àbúrò rẹ̀ bóyá torí kí wọ́n lè máa sín òun jẹ ni wọ́n ṣe mú òun wá. Àbúrò ní bí ara bá rí ẹlẹgbẹ́ tó ń bá a rìn, á rọ̀.

“Ṣé ìyẹ̀fun ni mí tí ẹ fẹ́ pò?”

Nígbà tí wọ́n tún lọ, ó rí ọ̀gá ilé ìfọṣọ tó ń bá ọ̀dọ́bìnrin náà sọ̀rọ̀ lẹ́nu géètì. Ó dá a lójú wàyí: amí ni. Ó wọlé, ó fẹyín, ó ń jùdí bí ìyàwó àṣẹ̀ṣẹ̀gbé, kí wọ́n lè lọ ròyìn pé ara òun ti dá. Ọ̀dọ́bìnrin náà ń bá a jó, ṣùgbọ́n èjìká ọ̀dọ́bìnrin ọ̀hún ga dé etí, ó le gbagidi. Má-jẹ̀ẹ́-ó-hunjọ wò ó títí. Èjìká tirẹ̀ gan-an ló ń wò yẹn. Ó dúró.

“Ta ló rán ọ sí mi?”

“Ọ̀gá yín ló ní kí n máa tọ́jú yín, ma. Ó ń béèrè bóyá ẹ lè padà. Mo ní n kò ní sọ.”

“O ò sì sọ ọ́ fún èmi náà.”

“Ó yẹ kí n ti sọ ọ́. Ẹ má bínú.”

Má-jẹ̀ẹ́-ó-hunjọ na ọwọ́ méjèèjì bí ẹni di etí aṣọ ibùsùn mú. Ọ̀dọ́bìnrin náà bọ́ síwájú rẹ̀, ó béèrè bóyá kí òun mú etí kejì.

“Má mú un. Ẹnìkan ló máa ń dúró síbẹ̀. Yà sẹ́gbẹ̀ẹ́.”

Ó yà. Má-jẹ̀ẹ́-ó-hunjọ dá ká aṣọ tí kò sí náà, pẹ̀lú omijé, títí èjìká rẹ̀ fi wálẹ̀.

Lọ́jọ́ kejì, ó lọ bá ọ̀gá fúnra rẹ̀. Ó ní ara òun kò tíì gbà, bó bá sì fẹ́ mọ̀ bí òun ṣe wà, kó bi òun. Kí oṣù tó parí, wọ́n ti fi tábìlì ìlọṣọ rẹ̀ fún ẹlòmíràn. Ó ṣì ń lọ sí gbọ̀ngàn. Ṣùgbọ́n kó tó bọ́ bàtà, á kọ́kọ́ béèrè lẹ́nu ọ̀nà pé, “Ta lo tún bá sọ̀rọ̀ mi?” Bí ìdáhùn kò bá tẹ́ ẹ lọ́rùn, á padà sílé.