Ilé Pẹtẹ́ẹ̀sì tí Sìkírá Ní Kí N Jẹ́ Orúkọ Òun Wọ̀

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má rẹ́rìn-ín. Mi ò mutí, ibà ò ṣe mí lọ́jọ́ náà, oòrùn sì wà lójú ọ̀run. Ohun tí mo fẹ́ sọ yìí, èmi gan-an ló ṣẹlẹ̀ sí ní Sàkẹ́tẹ́, kì í ṣe pé ẹnì kan ló rò ó fún mi. Ẹni tó bá máa gbà á gbọ́, kó gbà á gbọ́. Ẹni tí ò bá gbà, kó ṣáà má lọ dán an wò.

Ìgbà yẹn, a ṣẹ̀ṣẹ̀ gba òmìnira lọ́wọ́ àwọn Faransé ni. Ọmọbìnrin àgbẹ̀ láti Tówè ni mí, Pọbẹ̀ ni mo ti ń kọ́ àwọn ọmọdé níwèé.

Ìfẹ́ ilé àtijọ́ ló ń ṣe mí bí àìsàn nígbà náà. Fadá òyìnbó kan tó ń padà sí ìlú rẹ̀ fi páálí ìwé Faransé kan sílẹ̀ fún mi, ẹ sì gbà mí gbọ́, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé ilé kan náà ló wà nínú gbogbo wọn. Ilé ńlá olókùúta tó dá wà lórí òkè, tó ní yàrá kan tí wọn kì í ṣí. Àlejò á dé, wọ́n á fún un ní fìtílà, wọ́n á ní kó má dé ibi báyìí. Àlejò á sì débẹ̀. Mo máa ń bínú sí àlejò yẹn. Síbẹ̀, ká ní èmi ni, ṣíṣí ni ǹ bá ṣí i.

Bí ilé-ẹ̀kọ́ bá ti gba ìsinmi báyìí, mo ti wọkọ̀ lọ sí Àjàṣẹ́ láti lọ wo ilé àwọn Àgùdà, àwọn tí baba wọn ti Bùràsíìlì padà wá. Fèrèsé gíga, òdòdó tí wọ́n fi sìmẹ́ǹtì mọ sára ògiri, ọ̀dà tó ti ń ṣí. Mo lè dúró ti ọ̀kan fún wákàtí kan. Ilé tuntun kì í sọ nǹkan kan fún mi. Ilé àtijọ́ ní tirẹ̀ dà bí àgbàlagbà tó dákẹ́ sínú yàrá, tó o sì mọ̀ pé ọ̀rọ̀ wà lẹ́nu rẹ̀.

Sìkírátù nìkan ni kì í fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Olùkọ́ bíi tèmi ni, yàrá wa kọjú síra. Ọmọ oníṣòwò Mùsùlùmí ni ní Sàkẹ́tẹ́, àkọ́bí bàbá rẹ̀. Ọdún mẹ́ta la fi jọ jẹun nínú àwo kan. Lọ́dún tí ibà fẹ́ pa mí, òun ló ń fi aṣọ tútù nù mí lára títí ilẹ̀ fi ń mọ́. Mo ń sọ ìyẹn kí ẹ lè mọ irú ẹni tí mò ń sọ̀rọ̀ rẹ̀.

Nígbà tó ku oṣù kan kó lọ sílé ọkọ, ó wá jókòó sórí ẹní mi.

"Ilé kan wà ní àgbo ilé wa tó o máa fẹ́ràn," ó ní. "Baba-ńlá wa ló kọ́ ọ, àwọn Àgùdà ló bá a ṣiṣẹ́ rẹ̀. Pẹtẹ́ẹ̀sì ni. Ẹnì kankan kì í gbé ibẹ̀ mọ́."

"Ọdún mẹ́ta, Sìkírá, o ò sì sọ fún mi?"

Ó wolẹ̀. "Mo ti wá ń sọ ọ́ báyìí."

Nínú ọyẹ́, lọ́jọ́ Sátidé kan, a wọ ọkọ̀ ojú irin àárọ̀. Kò sọ̀rọ̀ títí a fi dé Sàkẹ́tẹ́. Mo rò pé ọ̀rọ̀ ìgbéyàwó ló ń gbé e lọ́kàn.

Ẹ̀yin èèyàn mi, ilé yẹn lẹ́wà! Igi ọsàn ló yí i ká. Ìloro rẹ̀ ní òpó mẹ́rin, wọ́n gbẹ́ ẹyẹ méjì sókè ẹnu ọ̀nà, fèrèsé pátákó àwọ̀ ewé wà lókè, gbogbo rẹ̀ sì wà ní títì pa. Omi bọ́ lójú mi. Mo rò pé ilé inú ìwé mi ló ti dìde wá bá mi.

Sìkírá tú ìborùn orí ara rẹ̀, ó wé e fún mi. "Eruku pọ̀ nínú ibẹ̀," ó ní. Lẹ́yìn náà ló wá rẹ ohùn rẹ̀ sílẹ̀. "Ìyá àgbà kan máa ń wá jókòó sókè lọ́sàn-án. Ojú rẹ̀ ti di bàìbàì, kò sì fẹ́ràn àlejò. Tó bá bi ọ́, ṣáà sọ pé ìwọ ni Sìkírátù."

"Ìwọ ńkọ́?"

"Jẹ́ kí n lọ kí àwọn ará ilé. Mò ń bọ̀."

Ó fi kọ́kọ́rọ́ ṣí ilẹ̀kùn fún mi, mo wọlé.

Òtútù inú ibẹ̀ kì í ṣe ti ọyẹ́. Mo gun àtẹ̀gùn, mò ń fi ọwọ́ pa igi rẹ̀ tó ń dán, inú mi ń dùn. Nígbà tí mo dókè ni mo bojú wẹ̀yìn. Eruku bo ilẹ̀ bí ìyẹ̀fun. Ipa ẹsẹ̀ kan ṣoṣo ló wà nínú rẹ̀, tèmi ni. Ẹni tó máa ń wá jókòó lọ́sàn-án, ibo ló ń gbà?

Ó yẹ kí n ti yí padà níbẹ̀.

Obìnrin náà wà lórí àga nítòsí fèrèsé, ó ró aṣọ funfun. Ìtànṣán oòrùn gba àlàfo pátákó wọlé. Mo fi ojú ara mi rí i: ìtànṣán náà kò dúró lára rẹ̀. Ara ògiri tó wà lẹ́yìn rẹ̀ ló bọ́ sí, bí ẹni pé kò sẹ́nì kankan lórí àga.

"Ta nìyẹn?" ó béèrè.

Ẹnu mi ti sọ ọ́ kí n tó ronú. "Sìkírátù ni, ìyá. Ẹ kú ìjókòó."

"Àkọ́bí?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, ìyá."

Ó na ọwọ́, ó gbá mi ní ọrùn ọwọ́ mú. Ọwọ́ rẹ̀ tútù bí ara àmù omi. "Ó pẹ́ tí wọ́n ti ní kí n máa retí rẹ," ó ní, jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́. "Jókòó. Mi ò ní dá wà mọ́."

Mi ò mọ bí mo ṣe já ọwọ́ mi gbà. Mo kàn bá ara mi nísàlẹ̀ ni, mò ń fa ilẹ̀kùn. Wọ́n ti tì í lóde.

"Sìkírá!"

Mo rí òjìji ẹsẹ̀ rẹ̀ lábẹ́ ilẹ̀kùn. Ó wà níbẹ̀. Mo gbọ́ bó ṣe ń mí.

"Gbogbo àkọ́bí obìnrin ilé wa," ó sọ ọ́ wúyẹ́wúyẹ́, "kó tó lọ sílé ọkọ, ó gbọ́dọ̀ gòkè lọ kí i. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi obìnrin lọ, kò pé oṣù kan tó kú. Ẹ̀rù bà mí. Ìwọ kì í ṣe ọmọ wa, bóyá kò ní lè mú ọ."

"Bóyá?"

"Dárí jì mí. Ọkọ̀ á ti máa dé." Òjìji náà kúrò.

Ẹ gbà mí gbọ́, kì í ṣe òkú tó wà lókè ló kọ́kọ́ pa mí lẹ́kún. Ọ̀rọ̀ "bóyá" yẹn ni. Ó ti jókòó sórí ẹní mi, ó ti jẹ oúnjẹ mi, ó sì ti gbé mi lé "bóyá" lọ́wọ́.

Nígbà tí mo gbójú sókè, obìnrin náà ti wà lórí àtẹ̀gùn tó kẹ́yìn nísàlẹ̀. Mi ò gbọ́ kí igi kankan dún.

Mo já ìborùn kúrò lórí. "Èmi kọ́ ni Sìkírátù," mo ní, mo sì sọ orúkọ tí bàbá mi sọ mí fún un, orúkọ mi àti ti ìlú mi.

Ó dúró lórí àtẹ̀gùn náà. "Ta ló ti ilẹ̀kùn mọ́ ọ?"

"Ọ̀rẹ́ mi ni."

Ó mi orí. "Àbúrò mi ló ti tèmi. Ìgbóná ló mú mi, nígbà tó ku ọjọ́ díẹ̀ kí n lọ sílé ọkọ. Ó ní òun ń lọ bu omi wá. Láti ìgbà náà ni mo ti ń darúgbó níbí."

Kọ́kọ́rọ́ yí fúnra rẹ̀. Ilẹ̀kùn ṣí, oòrùn bò mí lójú. Ká ní mo kàn sá lọ ni, ọ̀rọ̀ ì bá yàtọ̀. Ṣùgbọ́n ó bi mí léèrè, létí mi gan-an:

"Ọ̀rẹ́ rẹ ńkọ́, ibo ló gbà?"

Mi ò tíì sọ èyí fún ẹnikẹ́ni rí. Inú ń bí mi. Mo gbé ọwọ́ sókè, mo nà án sí ọ̀nà ibi tí ọkọ̀ ojú irin ti ń dúró.

Nǹkan tútù kan kọjá lára mi. Ewé ọsàn já bọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan lójú ọ̀nà náà, atẹ́gùn kò sì fẹ́.

Nígbà tí mo débẹ̀, ọkọ̀ ti lọ. Báàgì Sìkírá wà lórí bẹ́ǹṣì. Ọkùnrin tó ń ta tíkẹ́ẹ̀tì sọ fún mi pé ìyá arúgbó kan tó ró aṣọ funfun ló wá bá a, Sìkírá sì kúnlẹ̀ kí i, lẹ́yìn náà wọ́n jọ dìde, wọ́n jọ rìn lọ. Kò mọ ibi tí wọ́n gbà.

A ò rí i mọ́ títí dòní. Ọkọ àfẹ́sọ́nà rẹ̀ wá sí Pọbẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, ó ń sunkún. Àwọn kan ní ó ti kọjá sí Ìlárò pẹ̀lú ọkùnrin mìíràn. Ì bá wù mí kó rí bẹ́ẹ̀. Bàbá rẹ̀ náà wá. Kò mẹ́nu ba ilé pẹtẹ́ẹ̀sì rárá. Ó kàn rí ìborùn ọmọ rẹ̀ lọ́wọ́ mi, ó sì yí ojú kúrò kíákíá, bí ẹni tó mọ̀. Láti ọjọ́ náà ni mo ti mọ̀ pé kì í ṣe Sìkírá nìkan ló ronú ẹ̀tàn yẹn.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ràn ilé àtijọ́, mi ò ní kẹ́ ẹ má lọ wò ó. Ẹ dúró lóde, ẹ wo fèrèsé rẹ̀, ó tó bẹ́ẹ̀. Bí ẹnikẹ́ni bá ní kẹ́ ẹ jẹ́ orúkọ òun wọ inú rẹ̀, ẹ kọ̀ fún un, ì báà jẹ́ ọmọ ìyá yín. Tó bá sì wá di pé wọ́n ti dà yín, tí nǹkan kan nínú ibẹ̀ bi yín léèrè ibi tí ẹni náà gbà, bó ti wù kí inú bí yín tó, mo fi Ọlọ́run bẹ̀ yín, ẹ ká ọwọ́ yín mọ́ra.