Àwọn Fèrèsé Tí Wọ́n Fi Àpò Dí ní Erinje

Ọdún mẹ́sàn-án ni Mildred Adéjọbí fi ṣiṣẹ́ ní Èkó. Bí ẹnìkan bá fẹ́ kọ́ báńkì tàbí òtẹ́ẹ̀lì, àwọn bíi tirẹ̀ ní í yà á sórí ìwé ibi tí ẹ̀rọ amúlétutù yóò wà, bí iná yóò ṣe tàn nínú yàrá kọ̀ọ̀kan, àti ibi tí ooru yóò gbà jáde. Nígbà tí àrùn rọpárọsẹ̀ kọlu bàbá rẹ̀, ó kó ẹrù rẹ̀, ó padà sí Okitipupa láti tọ́jú rẹ̀. Ó gba ṣọ́ọ̀bù kan lójú ọ̀nà Igbotako, ó kọ ọ́ sára ògiri pé òun ń ya àwòrán afẹ́fẹ́ àti ìmọ́lẹ̀ ilé. Fún oṣù mélòó kan, àwọn tó fẹ́ kó bá wọn tún fáànù ṣe nìkan ló ń wọlé.

Erinje, ìlú kan tí kò jìnnà sí Okitipupa, ni iṣẹ́ gidi àkọ́kọ́ ti wá. Àwọn obìnrin ìjọ Aládùúrà kan níbẹ̀ ti dá ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù sílẹ̀, wọ́n sì fẹ́ kọ́ ilé tí wọn yóò ti máa yan gààrí. Salome, tí gbogbo wọn ń pè ní Màmá Charity, ni olórí wọn.

"Èéfín ti fẹ́rẹ̀ẹ́ fọ́ wa lójú tán," ó sọ fún Mildred. "Ilé tí a ó ti máa rí èémí mí la fẹ́."

Mildred ya àwòrán tó wú òun fúnra rẹ̀ lórí. Ó la fèrèsé gbàgàdà mẹ́fà sí ìhà gúúsù, níbi tí afẹ́fẹ́ òkun ti ń fẹ́ wá, ó sì fi wọ́n sísàlẹ̀, kí ẹni tó jókòó sídìí ààrò lè gba atẹ́gùn sára. Wọ́n kọ́ ọ bẹ́ẹ̀. Wòlíì ìjọ gbàdúrà sí i, iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ó lọ wò wọ́n. Láti ẹnu ọ̀nà ni èéfín ti mú un wúkọ́. Wọ́n ti fi àpò dí fèrèsé mẹ́fẹ̀ẹ̀fà.

"Ta ló dí wọn?"

"Àwa ni." Màmá Charity kò dáwọ́ dúró lórí agbada.

"Ẹ jọ̀ọ́ Mà, torí èéfín yìí la ṣe là wọ́n."

"Mo mọ̀. Ọmọ mi, ṣé o ti yan gààrí rí?"

Tíṣà ni bàbá Mildred, aránṣọ ni ìyá rẹ̀. Inú ike ló ti máa ń bu gààrí. "N ò yan án rí, Mà."

"Ó dáa. Wá jókòó tì wá lọ́la."

Ìtìjú bá Mildred délé. Ó sọ fún bàbá rẹ̀ pé òun kò ní lè padà síbẹ̀ mọ́. Ọ̀rọ̀ ṣì ń wúwo lẹ́nu bàbá náà, ṣùgbọ́n ó sọ ọ́ yé e: "Wọn ò lé ọ. Wọ́n ní kí o wá jókòó."

Ọjọ́ márùn-ún ló fi yan gààrí. Ọwọ́ rẹ̀ bó, ẹ̀yìn ń ro ó. Ní ọjọ́ kejì wọ́n bá a ṣí fèrèsé kan, ó sì fojú ara rẹ̀ rí i: afẹ́fẹ́ darí iná sí ẹ̀gbẹ́ kan, gààrí ń jóná lápá ọ̀tún, ti apá òsì ṣì tutù. Eruku títì tún ń fẹ́ wọlé. Bí wọ́n bá sì dí i, òkùnkùn a ṣú, oníkálukú a bu gààrí sọ́wọ́ lọ sẹ́nu ọ̀nà láti wo àwọ̀ rẹ̀. Mildred gbójú sókè, ó rí èéfín tó dúró pa sábẹ́ páànù.

"Òkè ni èéfín ń lọ," ó sọ fún àwọn obìnrin náà. "Ìsàlẹ̀ ni mo ti lànà fún un. Àṣìṣe mi ni. Ẹ jẹ́ kí n tún un yà."

Nínú àwòrán tuntun, ẹnu ààrò bọ́ sẹ́yìn ògiri, kí igi máa ti ìta wọlé, kí èéfín sì gba inú páìpù lọ sókè. Ó gbé àárín òrùlé sókè díẹ̀, ó fi àlàfo sílẹ̀ fún ooru. Búlọ́ọ̀kù oníhò ló fi rọ́pò àwọn fèrèsé náà, kí atẹ́gùn lè máa rọra wọlé. Kí ìmọ́lẹ̀ lè wọlé, ó fi páànù méjì tó mọ́ gaara bíi dígí síhà àríwá òrùlé, níbi tí oòrùn kò ti ní í ta àwọn obìnrin náà lórí. Kingsley káfíńtà àti bíríkìlà kan fi ọjọ́ méjìlá ṣe é.

Ní àárọ̀ tí wọ́n padà sẹ́nu iṣẹ́, Mildred dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, ó ń wo iná. Iná mú, ó dúró ṣinṣin sábẹ́ agbada. Màmá Charity bu gààrí díẹ̀ sí àtẹ́lẹwọ́, ó wò ó níbi tó jókòó sí.

"Ó yan dáadáa," ó ní, ó sì ń bá iṣẹ́ lọ. Obìnrin kan bẹ̀rẹ̀ orin lẹ́yìn rẹ̀, àwọn yòókù gbè é láìwúkọ́.

Àwọn kan ti wá pe Mildred láti Ìlútítun báyìí, wọ́n fẹ́ ilé tí òròmọdìẹ yóò ti máa rí ooru. Ó ní kí wọ́n kọ́kọ́ jẹ́ kí òun wá bá wọn tọ́ òròmọdìẹ fún ọ̀sẹ̀ kan. Ní Erinje, bí òjò bá rọ̀ pẹ̀lú afẹ́fẹ́, ó ṣì ń kán wọlé ní igun òrùlé kan. Abọ́ ni wọ́n gbé síbẹ̀. Mildred àti Kingsley yóò lọ tún un ṣe ní Ọjọ́bọ̀.