Bàbá Tí Kì í Jẹ́ Kí Omi Ó Nù

Ìtàn jàlàbíà ni gbogbo àdúgbò Cow Lane, nílùú àwọn Gã, fi mọ olóògbé Làmídì jù. Ẹ̀rọ omi ti gbẹ tipẹ́. Nígbà tí omi padà dé, tí ọdún Ìtùnú ààwẹ̀ ku ọ̀la, inú Àgbékẹ́ ìyàwó rẹ̀ dùn débi pé kò wojú omi kó tó ki jàlàbíà funfun ọkọ rẹ̀ bọ̀ ọ́. Bó ṣe máa yọ ọ́, ó ti pọ́n bíi tíì.

"Ẹ forí jì mí, Bàbá Ṣàfíù."

"Ìpẹtà inú páìpù ni. Omi tó bá pẹ́ kó tó dé, kọ́kọ́ jẹ́ kó ṣàn títí ojú rẹ̀ á fi mọ́."

Bẹ́ẹ̀ ni Làmídì wọ̀ ọ́ lọ kírun ọdún, tó ń yan. Kò pẹ́ tí àlàájì méjì wá sí ìsọ̀ aṣọ Àgbékẹ́ ní ọjà Tudu, wọ́n ń bèèrè aláwọ̀ yẹn. Ó ní ó ti tán.

Làmídì ní kí omi ṣàn o, kò ní kó ṣòfò. Ó ń gbe omi pípọ́n sínú báàfù, ìyẹn ni wọ́n fi ń ṣan ilé ìgbẹ́. Inú báàfù náà ni wọ́n ti ń wẹ̀, nítorí omi ọṣẹ wà fún ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó gbìn sẹ́yìn balùwẹ̀. Bí àlejò bá ń wẹ̀, Làmídì á dúró lẹ́nu ọ̀nà.

"Ẹ má jẹ́ kó nù o! Ọ̀gẹ̀dẹ̀ ń dúró dè yín!"

Àbúrò Àgbékẹ́ kò sùn sílé wọn mọ́. Ó ní òun ò lè máa wẹ̀ kí ọ̀gẹ̀dẹ̀ máa retí òun.

"Nu" ni àwọn Gã ń pe omi. Bí wọ́n ṣe ń gbọ́ "nù, nù" lẹ́nu rẹ̀ ní gbogbo ìgbà, wọ́n sọ ọ́ ní Bàbá Nu. Inú a máa bí Àgbékẹ́.

"Bàbá tiyín ni yóò nù!"

Làmídì rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀. "Àgbékẹ́, bí mo bá nù, ẹ̀yìn balùwẹ̀ ni kí o wá mi sí."

Ìgbà ọyẹ́ ló kú. Àgbékẹ́ kò lè dé ẹ̀yìn balùwẹ̀ náà. Ojú gọ́tà ló ń da omi ìwẹ̀ sí, títí Korkor, aládùúgbò wọn tó jẹ́ Gã, fi kan ilẹ̀kùn. Alata ni àwọn Gã ń pe Yorùbá.

"Mama Alata, ọ̀gẹ̀dẹ̀ Bàbá Nu ti ń kú o."

Lọ́jọ́ náà, inú báàfù ni Àgbékẹ́ ti wẹ̀. Ó gbé e lọ sẹ́yìn balùwẹ̀, ó rọra da omi náà sídìí ọ̀gẹ̀dẹ̀, omijé ń bọ́ lójú rẹ̀. Ọ̀mùnú kékeré kan ti ń yọrí lábẹ́ ewé gbígbẹ.

"Ẹ ṣeun, Bàbá Nu," ni Korkor wí lẹ́yìn rẹ̀.

Lọ́tẹ̀ yìí, Àgbékẹ́ kò bínú.

"Kò nù," ni ó wí. "Ibí ló wà."