Ìpín Ẹran Ọláwuyì

Bí o bá fẹ́ rí ìbínú Bàbá Bùsàrí ní àdúgbò Lasunwon n'Ìkòròdú, pe ogun tó jà ní "ìjà kékeré." O ò ní tíì pa ẹnu dé tí yóò fi na ọ̀pá sí ọ. Ọkùnrin tó fi ọ̀pọ̀ ọdún tún ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ojú omi ṣe ní Èbúté Ìkòròdú, tí kì í bá oníbàárà fa nǹkan kan, ọ̀rọ̀ yìí nìkan ló ń sọ ọ́ di ẹkùn. Èmi ò sì bá a wí.

Ó ní ọ̀rẹ́ kan, Ọláwuyì. Ẹ̀pẹ́ ni wọ́n jọ dàgbà sí, wọ́n jọ ń dẹ àwọ̀n lórí ọ̀sà, wọ́n sì jọ wọṣẹ́ ṣọ́jà nígbà ogun Bìáfírà. Nígbà tí àwọn ọmọ ogun ìjọba ń lọ gba ìlú Pọta, wọ́n kan odò kan lọ́nà. Ọ̀gá wọn ní kí àwọn ọmọ ọlọ́sà kọ́kọ́ tukọ̀ kọjá, pé àwọn ló mọ omi. Wọn ò tíì dé àárín odò tí ìbọn fi dún láti inú igbó. Kí ẹ̀bà tó tutù, ó ti parí. Àwọn ọ̀tá sá, ìjọba gba etí odò, Ọláwuyì sì ti ṣubú sómi.

Ọ̀gá ní kí wọ́n máa lọ, Pọta ń dúró. Bùsàrí ò lọ. Ó bẹ́ sómi, ó wọ́ òkú ọ̀rẹ́ rẹ̀ jáde, ó fi àjẹ̀ tí wọ́n fi tukọ̀ gbẹ́lẹ̀, ó sin ín síbẹ̀, nítorí lọ́dọ̀ tiwọn, ẹni tí omi bá gbé, etí omi náà là ń sin ín sí. Nígbà tí àwọn tó ń kó òkú dé, wọn ò rí Ọláwuyì. Wọ́n ní ó ti sá lọ bá ọ̀tá. Bùsàrí ṣàlàyé títí, wọ́n ní irọ́ ló ń pa láti bo ọ̀rẹ́ rẹ̀ láṣìírí, wọ́n sì tì í mọ́lé. Kí ni ì bá ná wọn láti padà lọ wo sàréè náà? Ọ̀lẹ gbogbo!

Ogun parí, Bùsàrí délé, ìròyìn burúkú ti ṣáájú rẹ̀ dé Ẹ̀pẹ́. Wọ́n ti ń pe ìyá Ọláwuyì ní ìyá ojo. Bùsàrí sọ fún un pé òun lòun sin ín, pé òun máa ké e sétí gbogbo ayé. Ìyá náà fọwọ́ bò ó lẹ́nu.

"Ẹni tó sá lè padà wá, Bùsàrí. Jẹ́ kó sá."

Bùsàrí gbé e mì, kò sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni mọ́, kódà kò sọ ọ́ fún Ṣẹ̀rífátù, àbúrò Ọláwuyì. Gbogbo ọdún Iléyá ni ìyá náà ń yọ ìpín ẹran ọmọ rẹ̀ sọ́tọ̀ dè é. Nígbà tí ìyá kú, Ṣẹ̀rífátù ló wá ń yọ ọ́. Àwọn èèyàn ń fi Ọláwuyì ṣe yẹ̀yẹ́, Bùsàrí ń gbọ́.

Ní January tó kọjá, wọ́n ṣe ìrántí àwọn ajagun ní gbọ̀ngàn kan nítòsí ibùdókọ̀ Benson n'Ìkòròdú. Ṣẹ̀rífátù wá láti Ẹ̀pẹ́, ó jókòó ti Bùsàrí. Ọ̀gágun àtijọ́ kan, tí òun náà bá ogun Pọta lọ, gba maikí.

"Ìjà kékeré kan wà létí odò," ó ní. "Ẹnì kankan ò kú níbẹ̀. Ọmọ Ẹ̀pẹ́ kan ṣoṣo ló fẹsẹ̀ fẹ́ ẹ."

Àwọn èèyàn bú sẹ́rìn-ín. Bùsàrí dìde, ó na ọ̀pá ọwọ́ rẹ̀ sí i.

"Pa ẹnu rẹ mọ́! Irọ́ lo pa! Ọwọ́ mi yìí ni mo fi sin ín! Ẹ ò wá a, ẹ kàn bà á lórúkọ jẹ́! Ọláwuyì ò sá, ó kú! Ṣé o gbọ́? Ó kú!"

Ọ̀gágun gbé maikí sílẹ̀. Ara tu Bùsàrí, títí ó fi yíjú sí Ṣẹ̀rífátù. Obìnrin náà ti fi ìborùn bojú. Ó dìde, ó sì lọ wọkọ̀ Ẹ̀pẹ́.

Nígbà tí Iléyá dé, ó wá sí Lasunwon fúnra rẹ̀, ó gbé abọ́ ẹran kalẹ̀ níwájú Bùsàrí.

"Ìpín ta nìyí?"

"Ti ẹ̀gbọ́n mi ni," Ṣẹ̀rífátù ní. "Ẹ jẹ ẹ́. Ẹ̀yin lẹ sọ pé kò ní wá jẹ ẹ́ mọ́."