Ọ̀já Tí Màmá Mi Fi Ń Dè Wá Mọ́ Ọkọ̀

Láràárọ̀ ọjọ́ ilé-ìwé, òórùn méjì ló máa ń dà pọ̀ nímú mi: òórùn káfúrà tó wà lára ọ̀já màmá mi, àti òórùn epo pẹtiróòlù tó máa ń kún inú ọkọ̀ bàbá mi. Ọkọ̀ kékeré roboto tí gbogbo èèyàn ń pè ní Ìjàpá ni. Pápá Àjàó là ń gbé, ilé-ìwé mi sì wà ní Sùúrùlérè. Kí bàbá mi tó ṣíná, màmá mi á ti èmi àti Dàpọ̀ àbúrò mi sẹ́yìn ọkọ̀, wọ́n á fa ọ̀já gba ẹ̀yìn àga, wọ́n á sì dè wá mọ́ ọn, ọ̀já kan fún ọmọ kan. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á tó sọ fún bàbá mi pé, "Ó yá, ẹ máa lọ."

Ọmọ ọdún mẹ́fà ni mí, Dàpọ̀ ò tíì pé mẹ́ta. Nǹkan bí ọdún 1986 nìyẹn, kò sì sẹ́ni tó ń de ọmọ mọ́ ọkọ̀ ládùúgbò wa. Orí ẹsẹ̀ ìyá wọn làwọn ọmọ ń jókòó, tàbí kí wọ́n dúró láàárín ìjókòó iwájú méjèèjì kí wọ́n lè máa wo títì. Ibẹ̀ gan-an ni Síkírù, ọmọ ilé kejì wa, dúró sí lọ́jọ́ tí bàbá rẹ̀ tẹ búréèkì lójijì. Ó forí gbá gíláàsì iwájú. Nígbà tí wọ́n gbé e dé láti ọsibítù, ojú ọ̀tún rẹ̀ ò ríran mọ́. Màmá mi lọ kí wọn, wọ́n padà wálé. Lọ́jọ́ kejì ni wọ́n kó ọ̀já jáde nínú àpótí.

Ẹ ò lè mọ bí ojú ṣe máa ń tì mí tó. Tá a bá dé ẹnu géètì ilé-ìwé, bàbá mi á sọ̀ kalẹ̀, wọ́n á bẹ̀rẹ̀ sí í tú mi, àwọn ọmọ á sì pagbo wò wá. Ọmọbìnrin kan wà ní kíláàsì wa tó ń jẹ́ Ṣadé. Ó máa ń ké bí ewúrẹ́ tí mo bá ti ń kọjá, á ní, "Bùnmi, Iléyá ti dé o." Mo sunkún délé lọ́jọ́ kan. Màmá mi ń gé ìlá, wọn ò tiẹ̀ gbójú sókè. Wọ́n ní, "Jẹ́ kí wọ́n rẹ́rìn-ín. Ìwọ ṣáà máa délé."

Mi ò mọ̀ pé ojú ń ti bàbá mi náà àfi lọ́jọ́ Sunday kan. Ṣọ́ọ̀ṣì kan náà ni bàbá mi àti ọ̀gá wọn níbi iṣẹ́ ń lọ ní Yaba. Nígbà tí ìsìn parí lọ́jọ́ náà, ọkọ̀ ọ̀gá ò ṣíná, bàbá mi sì ní kí wọ́n jẹ́ ká jọ máa lọ. Ọ̀gá bojú wo ẹ̀yìn, wọ́n rí èmi àti Dàpọ̀ nínú ọ̀já.

"Kí lèyí? Ṣé ẹran lẹ̀ ń kó lọ sọ́jà ni?"

Bàbá mi rẹ́rìn-ín, irú ẹ̀rín tí mi ò gbọ́ lẹ́nu wọn rí. "Ẹ má dá ìyàwó mi lóhùn, sà. Ìyá Bùnmi, tú wọn."

"Bàbá Bùnmi, ẹ jẹ́ kó wà bẹ́ẹ̀."

"Mo ní kó o tú wọn."

Màmá mi tú wa. Inú mi dùn dé ibi pé mo juwọ́ sí àwọn ọmọ tó wà níwájú ṣọ́ọ̀ṣì. Ọ̀gá jókòó síwájú, màmá mi gbé Dàpọ̀ lé ẹsẹ̀ lẹ́yìn, èmi dúró sáàárín, mo di àga méjèèjì mú.

A ti kọjá Ojúẹlẹ́gbà nígbà tí ọkùnrin kan ti ọmọlanke jáde síwájú wa. Bàbá mi tẹ búréèkì. Mi ò rántí bí mo ṣe dé iwájú, ìtọ́wò ẹ̀jẹ̀ lẹ́nu mi ni mo rántí, àti eyín mi méjì lórí ẹsẹ̀ ọ̀gá. Màmá mi di Dàpọ̀ mú gírígírí, síbẹ̀ ó bọ́ lọ́wọ́ wọn, ó lọ gbá ẹ̀yìn àga iwájú. Apá rẹ̀ kán. Ọ̀gá ń sọ pé, "Ẹ pẹ̀lẹ́, ẹ pẹ̀lẹ́," wọ́n nu ẹsẹ̀ ṣòkòtò wọn, wọ́n sì wọ takisí lọ.

Ní ọsibítù, nọ́ọ̀sì béèrè bó ṣe ṣẹlẹ̀. Màmá mi ló dáhùn pé, "Ọkọ̀ ló dúró lójijì." Ohun tí wọ́n sọ nìyẹn, wọn ò fi nǹkan kan kún un, lọ́jọ́ náà àti títí dòní. Bàbá mi jáde sí ọ̀ọ̀dẹ̀, wọ́n kọjú sí ògiri. Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo máa mọ̀ pé ojú máa ń ti àgbà nìyẹn.

Nígbà tí mo padà sílé-ìwé, bàbá mi fúnra wọn ló dè mí. Lẹ́nu géètì, Ṣadé ké bí ewúrẹ́. Ọwọ́ bàbá mi dúró díẹ̀ lórí kókó ọ̀já, wọ́n sì ń tú u lọ. Mo fọwọ́ bo ẹnu mi tí eyín ti yọ.

"Dádì, ẹ jọ̀ọ́, lọ́la, ẹ tú mi ní kọ̀rọ̀."

"Rárá, Bùnmi. Ibí yìí náà ni."

Mo ti mọ̀ báyìí pé ọ̀já kì í ṣe bẹ́líìtì, pé ó tiẹ̀ lè ṣe ọmọ léṣe. Àga ọmọdé gidi ló wà lẹ́yìn ọkọ̀ tèmi. Lọ́dún tó kọjá, ẹ̀gbọ́n ọkọ mi obìnrin ní kí n gbé àwọn àti ọmọ-ọmọ wọn dé ilé. Wọ́n jókòó síwájú, wọ́n gbé ọmọ náà lé ẹsẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, àga ọmọ wà lẹ́yìn."

"Ọmọ mélòó lo bí tó o fi ń kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń gbé ọmọ?"

Àwọn aládùúgbò dúró, wọ́n ń gbọ́. Mo yọ kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀, mo jókòó, mi ò lè wo ojú wọn. Ó pẹ́ kí ẹ̀gbọ́n tó ṣílẹ̀kùn. "Wá gbé e," ni wọ́n wí.

Ojú ṣì ń tì mí nígbà tí mo ń de ọmọ náà, gẹ́gẹ́ bó ṣe ń tì mí lọ́mọ ọdún mẹ́fà. Àmọ́ nígbà yẹn, gbogbo ohun tí mo fẹ́ ni kí wọ́n tètè tú mi. Lọ́jọ́ yìí, mo tún wo bẹ́líìtì náà lẹ́ẹ̀kan sí i bóyá ó le dáadáa, kí n tó ṣíná sí ọkọ̀.