Orúkọ Tí Dhapu Fi Wọ Ìwé Ìdìbò

Obìnrin mẹ́rin ni ìyá Dhapu ti bí kó tó bí i. Nígbà tí bàbá gbọ́ pé obìnrin tún ni, ó ní, "Ó tó gẹ́ẹ́!" Ohun tí Dhapu túmọ̀ sí ní èdè àwọn ará Marwar nìyẹn. Ọdún mẹ́rìnlá ló fi jẹ́ orúkọ náà, títí ó fi lọ sílé ọkọ. Láti ọjọ́ tó ti bí Lachman, ọmọ kan ṣoṣo tí Ọlọ́run fún un, kò sẹ́ni tó tún pè é bẹ́ẹ̀. Ìyá Lachman ni gbogbo abúlé mọ̀ ọ́n sí, orúkọ náà sì dùn mọ́ ọn ju ṣúgà lọ.

Orúkọ yẹn náà ló sọ fún tíṣà tó kọ́kọ́ wá kọ orúkọ àwọn olùdìbò lọ́dún 1948. Lachman wà níbẹ̀, ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún. Mọ́kànlélógún ni òfin wí, nítorí náà wọn ò kọ tirẹ̀.

"Ìyá mi, ẹ ti wọ ìwé ìjọba!" Ó ń rẹ́rìn-ín. "Ẹ bá mi di ìbò tèmi o. Ọwọ́ yín lọwọ́ mi."

"Màá dì í."

Lójò ọdún náà, onígbáméjì mú Lachman. Ìyá rẹ̀ gbààwẹ̀, ó forí kanlẹ̀ ní tẹ́ḿpìlì títí iwájú orí rẹ̀ fi bó. Ọjọ́ kẹta ni ọmọ kú. Wọ́n sun òkú rẹ̀ bí àṣà wọn, wọ́n da eérú rẹ̀ sódò. Kò sí sàréè, kò sí fọ́tò. Ibi kan ṣoṣo tí wọ́n kọ orúkọ rẹ̀ sí láyé yìí ni ìwé tíṣà, nínú "Ìyá Lachman".

Lẹ́yìn ọdún méjì, tíṣà padà wá. Ìyá Lachman ń lọ jéró lọ́wọ́. Ó fa ìborí bojú. Gomti, aládùúgbò rẹ̀ ní ilé kejì, jókòó tì í.

"Ìyá, ìjọba ò gba 'ìyá lágbájá' mọ́," ni tíṣà wí. "Orúkọ tiyín gan-an, àti ti ọkọ yín. Ẹni tí kò bá sọ, wọn á yọ ọ́."

Gomti bú sẹ́rìn-ín. "Ẹ fẹ́ ká dárúkọ ọkọ, ohun tí ìyàwó kì í ṣe? Orúkọ wo, èyí tá a fi ń bú wọn lábẹ́ ìborí? Pokar lorúkọ ọkọ tiẹ̀, ó ti kú. Èmi kì í ṣe ìyàwó ẹ̀, ẹnu mi lè gbà á."

Tíṣà kọ ọ́. "Ẹ̀yin fúnra yín ńkọ́?"

"Ìyá Lachman."

"Ìyá, mo ní wọn ò gbà á."

"Ẹ kọ méjèèjì."

"Kò sáyè." Ohùn rẹ̀ rọ̀. "Ẹ má bínú, èmi kọ́ ni mo ṣòfin."

Gomti kò rẹ́rìn-ín mọ́. "Sọ ọ́, jàre. O kúkú ṣèlérí fún ọmọ."

Ó di igi tó fi ń yí ọlọ mú. Bó sọ ọ́, bí kò sọ ọ́, orúkọ Lachman ń lọ. Ṣùgbọ́n bó bá sọ ọ́, yóò rí ìbò ọmọ náà dì, ẹnu òun fúnra rẹ̀ ni yóò sì fi lé e jáde nínú ìwé.

"Dhapu."

"Mi ò gbọ́ o, ìyá."

"Dhapu!"

Tíṣà fa ìlà gba orí "Ìyá Lachman" kọjá. Obìnrin náà kò mọ̀wé, ṣùgbọ́n ó rí bí ìlà náà ṣe gùn tó.

Lọ́jọ́ ìdìbò, ó tò sáàárín àwọn obìnrin nílé ìwé. Akọ̀wé pariwo, "Dhapu, aya Pokar!" Kò sẹ́ni tó dáhùn. "Dhapu dà?"

Gomti gbọ̀n ọ́n lápá. "Ìwọ mà ni!"

Wọ́n fi tàdáwà sàmì sí i níka. Ó ju ìwé rẹ̀ sínú àpótí. "Ti Lachman nìyí," ó wí fún àpótí náà.

Ó yà ní tẹ́ḿpìlì. "Olúwa, O mọ orúkọ gbogbo wa," ó wí. Ó tún un wí, bí ẹni tó ń retí kí ẹnìkan ní bẹ́ẹ̀ ni. Kò gbọ́ nǹkan kan. Ó tan fìtílà bó ti ń ṣe lójoojúmọ́, torí kò mọ ohun mìíràn tí à ń ṣe.

Nígbà tó délé, ó ti ìlẹ̀kùn, ó jókòó ti ọlọ.

"Ìyá Lachman!" ó pè, ketekete.

Ó sì dá ara rẹ̀ lóhùn.